Lẹ́tà sí àwọn àgbà tó ń ṣètò owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní Oǹdó: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fọ́ọ̀mù ọmọ yẹn wò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun, tí wọ́n máa ń ṣèlérí lọ́jọ́ ìpàdé tí fóònù wọn kì í sì í lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ dókítà àti lọ́yà tí à ń fi yangàn ní ìlú yìí, owó yín ló gbé wọn débẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má bàa gba ọ̀rọ̀ mi sí ìwọ̀sí.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tí ẹ dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà ló gbé mi dé iwájú yín. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun kọ́ ló rán mi, n kò sì bá a tan. Ọ̀kan ni nínú àwọn ọmọ tó máa ń wá jókòó kàwé ní ilé ìkàwé tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ẹ kọ ọ́ sí etí fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́ kò ṣe ìlú láǹfààní. Wọ́n tún ní bàbá wa kan nínú yín bi í pé, "Kí ló kan ọmọ Oǹdó nínú ìtàn àwọn òyìnbó tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jáde.

Ìbéèrè yẹn kò bí mi nínú. Ìbéèrè tó yẹ kí àgbà bi ọmọ kó tó náwó lé e lórí ni. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ìdáhùn. Èmi wá fẹ́ dáhùn rẹ̀, ní gbangba, torí òun kọ́ ni yóò kẹ́yìn àwọn tí yóò mú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wá bá yín.

Mo ti ka ohun tó kọ. Kí n má purọ́, kò kọ ọ́ dáadáa. Ó to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ bí ẹni tó ń wá ojú rere ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá kà á tí kò yé kò jẹ̀bi. Lẹ́nu tiwa, ohun tó fẹ́ ṣe nìyí: ó fẹ́ tọpa bí ìwé ìṣègùn àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe rìn dé Baghdad, bó ṣe ti Baghdad dé Ítálì, àti bó ṣe di ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní àwọn yunifásítì àkọ́kọ́ ní Yúróòpù. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, orí awọ ẹran tí wọ́n fá tàbí orí pépà ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí, nítorí náà ẹ̀dà kan kì í rí bíi kejì. Ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà to àwọn ẹ̀dà tó ṣẹ́kù káàkiri ayé jọ, kó lè mọ èwo ni wọ́n dà kọ láti inú èwo.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló pàdé nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ìmọ̀ Gíríìkì àti Látìnì, èyí tó kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ní 1948. Èkejì ni ìtàn sànmánì àárín, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tó wà láàárín ìṣubú Róòmù àti ìgbà tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀ wá sí etíkun wa. Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ bí a ṣe ń to ìwé àti ìròyìn kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fi jẹun, ẹ ó sì foríjì mí bí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn òyìnbó inú ìtàn náà, ká mọ bóyá òyìnbó ni wọ́n lóòótọ́.

Galen, oníṣègùn tó ń fi èdè Gíríìkì kọ̀wé, ni ẹni àkọ́kọ́. Pergamum ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ó tọ́jú àwọn tó ń fi idà jà fún ìran wíwò, kó tó lọ sí Róòmù di oníṣègùn àwọn ọba. Ó kọ̀wé púpọ̀ púpọ̀. Ní 192, iná ńlá kan jó ní Róòmù, ó sì jó àwọn yàrá ìkẹ́rùsí tí Galen kó ìwé rẹ̀ sí. Ibẹ̀ lówó lórí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ, gbogbo èèyàn ló gbà pé kò síbi tó fọkàn balẹ̀ tó ibẹ̀. Iná kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ká ní iná náà fi nǹkan bí oṣù méjì pẹ́ sí i ni, àwọn ẹ̀dà tí òun ti ń ṣe ì bá ti dé ilé òun ní Campania, ní ilẹ̀ Ítálì, àdánù náà ì bá sì dín kù.

Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bi í pé báwo ló ṣe ṣe é tí ìbànújẹ́ kò fi dá a dùbúlẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà gígùn kan fi dá a lóhùn. Lẹ́tà yẹn náà wá sọnù. Àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé ó kọ ọ́, wọn kò rí i kà ní èdè tó fi kọ ọ́. Àfi ní 2005 tí ọmọ Faransé kan ṣí ìwé àfọwọ́kọ kan ní ilé àwọn mọ́ńkì Vlatadon, ní ìlú Thessaloniki, ilẹ̀ Gíríìsì, tó sì bá lẹ́tà náà nínú rẹ̀. Kò walẹ̀, kò wọ inú ihò. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé wọn látọjọ́ yìí. Kò ṣáà sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ni ọmọ Faransé yẹn nígbà náà, irú iṣẹ́ tí ọmọ wa fẹ́ lọ kọ́ ló sì ń ṣe lọ́wọ́. Bí ìgbìmọ̀ ìlú tirẹ̀ bá ti sọ fún un pé iṣẹ́ yẹn kò wúlò, à bá ṣì máa wá lẹ́tà náà.

Ẹnì kejì ni Hunayn ibn Ishaq, ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Hira, ní ilẹ̀ Ìráàkì, ni wọ́n bí i sí, ó sì kú ní 873. Onígbàgbọ́ ni, ó ń gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí ní Baghdad, ó sì tún jẹ́ oníṣègùn ní ààfin kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé tí bàbá ti jẹ́ lèmọ́ọ̀mù tí ọmọ ń kọrin nínú kọ́ọ̀sì, irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa túmọ̀ ìwé Gíríìkì sí Síríákì, èdè àwọn Onígbàgbọ́ ibẹ̀, àti Lárúbáwá. Àmọ́ ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ìwé kan tó kọ, nínú èyí tó to iṣẹ́ Galen 129 lẹ́sẹẹsẹ. Ó sọ ẹni tó túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ ẹni tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún, ó sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, kò yọ tara rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ nípa ọ̀kan nínú wọn pé òun túmọ̀ rẹ̀ nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ 20 ọdún, láti inú ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́. Nígbà tó tó nǹkan bí 40 ọdún, tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe, ó ti kó ẹ̀dà Gíríìkì mélòó kan jọ. Ó fi wọ́n wé ara wọn títí ó fi rí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé, lẹ́yìn náà ló tún ìtumọ̀ náà ṣe.

Ìwé Galen kan wà tó wá títí. Ó wá a ní Ìráàkì, ó wá a ní Síríà, ó wá a ní Palẹ́sìtínì, ó wọ Íjíbítì dé Alexandria. Dàmásíkù ló ti wá rí i, ìdajì rẹ̀ péré. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì ni òun rí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa rò pé ó pé. Mo ti bá àwọn akọ̀wé àti olùtọ́jú ìwé ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọn kò lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. "Kò sí nílẹ̀" ni wọn ì bá kọ, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan rárá.

Ẹnì kẹta, ọmọ Áfíríkà ni. Constantine lorúkọ rẹ̀, "ará Áfíríkà" ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Àríwá Áfíríkà ló ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, ó dé Salerno, ó sì padà di mọ́ńkì ní Monte Cassino. Òun ló túmọ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn láti Lárúbáwá sí Látìnì nígbà tí àwọn oníṣègùn Yúróòpù kò ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìwà kan ṣá: ìwé ńlá tí ó mú jáde nínú ìwé al-Majusi, oníṣègùn ará Páṣíà, kò dárúkọ onítọ̀hún síbẹ̀. Ní 1127, Stephen ará Antioch tún ìwé kan náà túmọ̀, ó sì pariwo rẹ̀ fáyé gbọ́ pé Constantine gé e, ó bà á jẹ́, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì tó wà nínú ìgbìmọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ mọ irú wọn.

Ìwé kékeré kan tí Hunayn kọ láti fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà lára àwọn tó di Látìnì nígbà yẹn. Òun ni wọ́n fi síwájú àkójọ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kà ní Salerno, tí wọ́n sì kà lẹ́yìn náà káàkiri àwọn yunifásítì Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àmọ́ Johannitius ni wọ́n ń pe Hunayn níbẹ̀. Galen náà ń jẹ́ Jalinus ní Baghdad. Ẹ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan kò kọ́, yóò ní èèyàn mẹ́rin ni. Iṣẹ́ ẹni tó mọ títo ìwé ni láti sọ fún ẹ̀rọ pé èèyàn méjì ni, kó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ibo wá ni òyìnbó wà nínú ìtàn yìí? Ó wà níbẹ̀, ní ìparí, ó ń gba ohun tí ará Tọ́kì kọ, tí ará Ìráàkì tọ́jú, tí ará Áfíríkà gbé wá bá a. Láti 2015 ni ìlú wa ti ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn. Ẹ̀ ń fowó rán àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ó sì dára. Kí ẹnì kan nínú ọmọ ìlú kan náà mọ ọ̀nà tí ìmọ̀ ọ̀hún gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, n kò rí i bí èyí ṣe lè jẹ́ ìnákúnàá.

Mo gbọ́ pé ẹlòmíì nínú yín sọ ọ̀rọ̀ kan tó lágbára ju ti òyìnbó lọ: kí ló dé tí kò lọ ṣe ìtàn Oǹdó? Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́.

Ẹ wo bí olùkọ́ ṣe ń mú àwọn ọmọ tó jíwèé wò nínú ìdánwò. Bí ọmọ méjì bá gba ìdáhùn kan náà, tó sì tọ̀nà, ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ṣe àṣìṣe kan náà, ní ibì kan náà, lọ́nà kan náà tí kò bọ́gbọ́n mu, olùkọ́ ti mọ̀ pé ọ̀kan wo ti èkejì, tàbí kí àwọn méjèèjì wo ti ẹnì kẹta. Ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àfọwọ́kọ ń ṣe nìyẹn. Karl Lachmann, ọmọ Jámánì, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù nídìí ọ̀nà yìí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àṣìṣe tí àwọn ẹ̀dà jọ ní ni wọ́n ń tẹ̀ lé títí wọn yóò fi mọ ẹ̀dà tó bí wọn, bí èyí pàápàá bá tiẹ̀ ti jóná.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ ìtàn ìwé àti àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pawọ́ pọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá bí àwọn ẹ̀dá ṣe bára tan ni wọ́n fi yẹ ẹ̀dà 58 wò, ti apá kan nínú ewì Chaucer, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400. Ó ṣiṣẹ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lò láti mọ ibi tí kòkòrò àrùn kan ti ṣẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí fọ́ọ̀mù yín fọwọ́ sí.

Ẹ wá gbé èyí wá sílé. Ìtàn Púpùpú, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba lórí wa. Àwọn kan ní ààfin Aláàfin Olúaṣọ ní Ọ̀yọ́ ni ìyá àwọn ìbejì náà ti kó wọn jáde. Àwọn kan ní Odùduwà ni bàbá wọn, Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. A ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ká tó bí mi, a sì ṣì ń jà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń borí lọ́jọ́ yẹn. Ta ló kọ́kọ́ kọ ti Ọ̀yọ́ sílẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ló ti gbọ́ ọ? Àwọn tó kọ ọ́ tẹ̀ lé e, ṣé àwọn náà lọ bi àgbà léèrè ni, àbí ìwé ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n dà kọ pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀? Àtẹnudẹ́nu kì í ṣe ìwé, mo mọ̀. Ẹnu máa ń yí ọ̀rọ̀ padà lọ́nà tí ọwọ́ kì í gbà yí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa lónìí pé bàbá àwọn ló sọ fún àwọn, inú ìwé pẹlẹbẹ kan ni bàbá náà ti kà á. Ẹni tó lè ya àtẹnudẹ́nu sọ́tọ̀ kúrò lára àtìwédẹ́nu la nílò, kò sì sí i ní Oǹdó. Ọmọ yìí ń lọ kọ́ ọ lórí ìwé Galen nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀dà pọ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi tí iṣẹ́ ti dá ṣáṣá ni èèyàn ti ń kọ́ṣẹ́.

N kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ iná Róòmù jìnnà sí wa. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé nílùú Òyìnbó, ibẹ̀ ló sì gbà sọnù. Johnson kú ní 1901, kò fojú kan ìwé náà mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìwé tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń búra nìyẹn. Ìbá má ṣe pé àbúrò rẹ̀ lágídí ni, a ò bá má rí i.

Tiwa ní Oǹdó ńkọ́? Charles Phillips, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, dé ìlú yìí fún ìjọ CMS ní 1877, ó sì ń kọ ohun tó ń rí. Ìwé àwọn CMS wà ní Yunifásítì Birmingham. Ìwé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí Ẹkùn Oǹdó wà ní ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Ìbàdàn. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ nípa bàbá bàbá rẹ̀ yóò wọkọ̀, ìyẹn bó bá mọ ohun tí yóò béèrè, nítorí pé bí akọ̀wé kan ṣe kọ orúkọ oyè Òṣemàwé kọ́ ni èkejì kọ ọ́, orúkọ àdúgbò pàápàá kò dúró lójú kan. Àwọn èyí tó wà nílé ló wá ń bà mí lẹ́rù jù: ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ láti ayé àwọn bàbá wa, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, lẹ́tà inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Òkè-Lísà àti Òdòjọmu. Nígbà tí àgbà bá kú, àwọn ọmọ á pín ilé, wọn á pín aṣọ, wọn á sì da ìwé sẹ́yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó ní àkọsílẹ̀ ohun tó wà, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ti lọ.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Ní 1731, iná jó ibi tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ tí Robert Cotton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, kó jọ nígbà ayé rẹ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé kan jóná pátápátá, etí àwọn mìíràn sì jó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti to àwọn ìwé náà sínú kátálọ́ọ̀gì tó jáde ní 1696. Lẹ́yìn iná, wọ́n mú kátálọ́ọ̀gì yẹn, wọ́n sì mọ èyí tó ti lọ. Àwa kò ní ohun tí a ó mú.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí ká ya gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ kan rí. Ní ìparí 1085, ọba William ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kọ ohun ìní ilẹ̀ náà sílẹ̀; wọ́n ṣe é ní 1086, orí awọ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ní 1986, nígbà tó pé 900 ọdún, BBC ṣe irú rẹ̀ tuntun sórí díìsìkì tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wò. Kí ọdún ogún tó pé, ẹ̀rọ tó lè ka díìsìkì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, àwọn onímọ̀ ní láti ṣe iṣẹ́ àṣekára kí wọ́n tó yọ ohun inú rẹ̀. Ti 1086 wà níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ Látìnì lè kà á. Ní oṣù Kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ ilé ìkàwé British Library, àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí gbogbo ayé ti ń wò lórí kọ̀ǹpútà kò sì ṣeé wò fún ọ̀pọ̀ oṣù. N kò sọ pé kí a má ya fọ́tò. Mo ní kí ẹni tó máa yà á jẹ́ ẹni tó mọ ibi tí yóò fi í sí, orúkọ tí yóò fún un, iye ẹ̀dà tí yóò ṣe, àti ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá yí padà. Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù olówó ńlá.

Kí n tó dé ìdí ẹ̀bẹ̀ mi, kí n jẹ́wọ́ ohun tí ọmọ náà kò ní mú wá. Kò ní kọ́ ilé ìwòsàn. Kò ní gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó máà lówó lọ́wọ́ títí láé. Èmi tí mo ṣe ẹ̀ka rẹ̀ kan mọ bí owó ìfẹ̀yìntì mi ṣe rí. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò san owó yín padà ní ìlọ́po, ẹ fún onímọ̀ epo rọ̀bì.

Àmọ́ bí ẹ bá ṣì lè gbà á rò, ẹ pè é padà. Ẹ ní kó má mú ìwé kankan kà, kó fi ẹnu Oǹdó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe fún yín. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè lé e, n kò ní bá yín wí. Bí ó bá lè ṣe é, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti ilé gbígbé ọdún àkọ́kọ́, torí yunifásítì tó gbà á ti sọ pé àwọn ó gbé owó ẹ̀kọ́. Ẹ má ní kó fọwọ́ sí ìwé pé ó gbọ́dọ̀ padà wá gbé Oǹdó. Ẹ ti ṣe é fún àwọn dókítà, ẹ rí bó ṣe já sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí: ìgbàkígbà tó bá wálé, kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, tàbí mọ́ṣáláṣí kan, tàbí agboolé kan tó bá gbà á láyè, kó kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé àtijọ́ tó bá níbẹ̀, ẹ̀dà kan fún onílé, ẹ̀dà kan fún ààfin, ẹ̀dà kan fún yín. Kó mú ọmọ ilé ìwé gíga méjì tàbí mẹ́ta dání, kó máa kọ́ wọn bí ó ṣe ń ṣe é.

Ìlà kan tún wà nínú fọ́ọ̀mù yín, níbi tí ẹ ti to àwọn ẹ̀kọ́ tí ìlú nílò: ìṣègùn, òfin, iṣẹ́ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà náà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ ìdí tí ìlú fi nílò ohun tó fẹ́ kọ́, kí ẹ sì bi í léèrè títí yóò fi yé yín.

Mo gbọ́ pé ẹ ó tún jókòó kí oṣù yìí tó parí. Ọmọ náà kò mọ̀ pé mo kọ̀wé yìí, ó sì ti ń bá ilé ìwé aládàáni kan sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ tètè pè é. Bí ẹ bá fẹ́ bi èmi náà ní ohunkóhun, n ó wá.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ìkàwé, Òkè-Lísà, Oǹdó